Abẹ́rẹ́ Tí Ń Mú Kí Eyín Kú Tipiri: Ìdí Tí Kì Í Fi Í Ṣiṣẹ́ Nígbà Mìíràn, àti Ọ̀nà Tí A Fi Ń Mú Un Dára Sí I

Ohun tí ó bá ń dun ni ni í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tí eyín ń ro kò lè jẹun, kò lè sùn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sùúrù fún ará ilé rẹ̀. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wa a máa fara da ìrora yìí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí a tó gba ilé ìwòsàn lọ. Bí a bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ni yóò dárúkọ. Yóò ní: "Mo gbọ́ bí lágbájá ti kígbe nígbà tí wọ́n ń yọ tirẹ̀. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kò ṣiṣẹ́."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ọjọ́ mìíràn wà tí abẹ́rẹ́ eyín kì í ṣiṣẹ́ bí a ti fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ni ó ní ìdí, àwọn oníṣègùn eyín sì ti mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìdí náà, wọ́n sì ti rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣẹ́gun wọn. Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú wọn wà lọ́wọ́ àwa tí eyín ń ro: ìrora tí a ń bẹ̀rù ni ó ń mú wa pẹ́ nílé, pípẹ́ tí a pẹ́ ni ó sì ń sọ ìrora náà di òtítọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí.

BÍ EYÍN TI Ń RO NI

Eyín kì í ṣe òkúta. Lóde, ó le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ihò kékeré kan wà tí ó kún fún ẹran rírọ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá. Iṣan yìí ni ó dà bí wáyà tí ń gbé ìròyìn láti inú eyín lọ sí ọpọlọ.

Àwọn baba wa a máa sọ pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín. Kòkòrò náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ṣúgà tí ó kù sára eyín ni oúnjẹ rẹ̀, èyí tí ó ń sọ di omi kíkan tí ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ihò náà bá dé ibi ẹran rírọ̀ inú eyín, ẹran náà yóò wú. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá wú, ó ní àyè láti fẹ̀ sí; ṣùgbọ́n inú eyín kò ní àyè, nítorí ògiri rẹ̀ le. Ìdí nìyí tí eyín ríro fi ń lù kì-kì-kì bí ìlù, tí ó sì ń le sí i lóru nígbà tí a bá fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ìròyìn ìrora yìí kì í fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dé ọpọlọ. Lára iṣan ni àwọn ilẹ̀kùn wíńníwínní wà. Bí ọ̀kan bá ṣí, èròjà kan tí ó wà nínú iyọ̀ yóò rọ́ wọlé, èyí yóò sì mú kí ilẹ̀kùn tí ó tẹ̀lé e ṣí pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn náà ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ oògùn tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ eyín ni láti ti àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí fún ìgbà díẹ̀. Aláìsàn kò sùn. Ojú rẹ̀ là, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìròyìn ìrora nìkan ni kò lè dé ilé.

IBI TÍ OÒGÙN NÁÀ TI WÁ

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ yọ eyín kò ní olùrànlọ́wọ́ ju ọtí líle àti àwọn alágbára tí yóò dì í mú lọ. Ní ọdún 1844, Horace Wells, oníṣègùn eyín kan ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, jẹ́ kí a yọ eyín tirẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti fa afẹ́fẹ́ kan tí ń mú ni rẹ́rìn-ín símú. Ní 1846, William Morton, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn eyín, lo oògùn tí a ń pè ní ether níwájú àwọn dókítà ní ìlú Boston. Ṣùgbọ́n ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni oògùn méjèèjì ń kùn. Ohun tí a ń wá ni èyí tí yóò mú kí ibi tí a fẹ́ tọ́jú nìkan kú tipiri.

Ewé ni ó ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Perú ti ń jẹ ewé coca láti ìgbà láéláé, ewé náà a sì máa mú kí ẹnu wọn kú. Láti inú ewé yìí ni a ti yọ kokéènì jáde. Ní 1884, Carl Koller, dókítà kan ní ìlú Vienna, fi hàn pé bí a bá kán kokéènì sí ojú, a lè fi abẹ kan ojú náà láìjẹ́ pé aláìsàn mọ̀ ọ́n lára. Láìpẹ́ sí i, William Halsted àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York gún un sí ẹ̀gbẹ́ iṣan tí ń lọ sí eyín ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kokéènì jẹ́ ìránṣẹ́ tí í di ọ̀gá: ó di bárakú fún Halsted fúnra rẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe wá oògùn mìíràn tí kì í di bárakú. Ní 1904, Alfred Einhorn ará Jámánì ṣe procaine, tí a mọ̀ sí Novocain. Ní 1943, Nils Löfgren ní ilẹ̀ Sweden ṣe lidocaine, tí ó dé ọjà ní 1948, tí a sì ń lò káàkiri ayé títí di òní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni articaine dé, tí a bẹ̀rẹ̀ sí lò ní Jámánì ní 1976.

A máa ń fi adrenaline díẹ̀ kún oògùn náà, ìdá 1 nínú 80,000 tàbí nínú 100,000. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa tètè gbé oògùn náà lọ. Lidocaine nìkan lè mú kí eyín kú fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bí adrenaline bá wà nínú rẹ̀, ó lè tó wákàtí kan.

ÌDÍ TÍ ABẸ́RẸ́ KÌ Í FI Í ṢIṢẸ́ NÍGBÀ MÌÍRÀN

Ìdí kìíní ni ọyún àti ara wíwú. Kí oògùn tó lè ti àwọn ilẹ̀kùn tí a wí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la awọ ọlọ́ràá tí ó bo iṣan kọjá. Ẹ jẹ́ kí a fi oògùn náà wé àwọn ènìyàn tí wọ́n fẹ́ wọ ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há. Àwọn kan ru ẹrù, àwọn kan kò ru ẹrù. Ẹni tí kò ru ẹrù nìkan ni ó lè kọjá. Nínú ara tí ó dá ṣáṣá, nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 ìdá lidocaine ni kò ru ẹrù, èyí sì tó fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ibi tí eyín ti díbàjẹ́ tí ọyún sì ti gbá jọ, ara ibẹ̀ a máa kan. Kíkan yìí ni ó ń gbé ẹrù lé oògùn lórí. Bí ó bá kan púpọ̀, ìdá 3 tàbí 4 nínú 100 péré ni ó lè kù tí yóò ráyè wọlé. Yàtọ̀ sí èyí, iṣan tí ara rẹ̀ ti gbóná fún ọjọ́ púpọ̀ a máa tètè kígbe ju èyí tí ara rẹ̀ balẹ̀ lọ.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé kàn wá. Ẹni tí ó lọ rí oníṣègùn nígbà tí omi tútù kọ́kọ́ ń ta á ní eyín, abẹ́rẹ́ kan a máa tó o. Ẹni tí ó dúró títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú, oògùn kan náà, láti ọwọ́ dókítà kan náà, lè má tó o. Òun ni yóò kígbe, igbe rẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò yóò gbọ́, àwọn náà yóò sì jókòó sílé títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn yóò fi wú.

Ìdí kejì ni ibi tí eyín wà. Egungun tí ó gbé eyín òkè dúró fẹ́lẹ́, ó sì ní ihò wíńníwínní. Bí a bá fi oògùn sí ẹ̀gbẹ́ eyín òkè, yóò rin wọlé dé gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nípọn, pàápàá níbi eyín ńlá ti ẹ̀yìn. Oníṣègùn ní láti wá ibi tí iṣan gbé wọ inú egungun náà, lọ́wọ́ inú, lẹ́yìn eyín ìkẹyìn. Ojú kò rí ibẹ̀, kò sì dọ́gba nínú gbogbo ènìyàn. Bí oògùn bá jìnnà díẹ̀ sí i, ètè lè kú, kí eyín má kú.

Ìdí kẹta ni ìkánjú. Abẹ́rẹ́ eyín ìsàlẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí eyín fúnra rẹ̀ tó kú dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ètè ti kú ṣáájú. Bí èrò bá pọ̀ níta, tí a sì mú ẹ̀mú kí àkókò tó tó, aláìsàn yóò mọ̀ ọ́n lára. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

BÍ A TI Ń MÚ KÍ ABẸ́RẸ́ NÁÀ FÚNRA RẸ̀ MÁ DUN NI

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò bẹ̀rù yíyọ eyín tó bí wọ́n ti bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀nà tí ó ń dín ìrora rẹ̀ kù kò ṣòro, púpọ̀ nínú wọn kò sì ná ni ní owó ńlá.

Èkíní, oníṣègùn yóò nu erìgì gbẹ, yóò sì fi oògùn tí ó dà bí ìpara kùn ún, kí ojú ibẹ̀ ti kú kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Ìpara yìí ń fẹ́ ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó tó ṣiṣẹ́. Èkejì, yóò fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ètè le, kí abẹ́rẹ́ lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, yóò ti oògùn náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan fún mílílítà kan ni ìwọ̀n tí ó dára. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ni í le koko. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ eyín rí. Oògùn tí a fi ipá tì wọlé ń ya ẹran ara, èyí gan-an ni ó ń dun ni ju gígún lọ. Ẹ̀rọ kan tilẹ̀ wà nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí ń ti oògùn wọlé ní ìwọ̀n kan náà láìyára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ní sùúrù lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ẹ̀kẹrin jẹ mọ́ kíkan tí a ti sọ. Kí adrenaline má bàa bàjẹ́ nínú ìgò, a máa ń ṣe oògùn náà kí ó kan díẹ̀. Kíkan yìí wà lára ohun tí ń mú kí ó ta ni bí ó ti ń wọlé. Àwọn oníṣègùn kan ń po èròjà tí a ń pè ní sodium bicarbonate mọ́ ọn kí wọ́n tó gún un. Irú èròjà yìí wà nínú káún tí a ń fi se ẹ̀wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pa kíkan. Oògùn tí a ṣe báyìí kì í ta ni tó ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè tètè ṣiṣẹ́, nítorí pé a ti sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi káún sí eyín o! Iṣẹ́ oníṣègùn ni èyí, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ṣeé fojú díwọ̀n.

BÍ ABẸ́RẸ́ ÀKỌ́KỌ́ KÒ BÁ TÓ

Oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ kì í fi ipá yọ eyín tí kò tíì kú. Yóò kọ́kọ́ dán an wò, bóyá nípa fífi ohun tútù kan eyín náà. Bí ó bá sì ń dun aláìsàn, ọ̀nà mìíràn wà. Ó lè tún abẹ́rẹ́ gún sí ìdí iṣan. Ó lè fi articaine sí ẹ̀gbẹ́ eyín ìsàlẹ̀ náà níta, nítorí pé oògùn yìí ń la egungun nípọn kọjá ju lidocaine lọ. Ó lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kán oògùn díẹ̀ sí àárín eyín àti egungun tí ó dì í mú. Bí inú eyín bá sì ti ṣí, ó lè fi oògùn sí inú ibẹ̀ gan-an. Èyí a máa dun ni fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ yóò dákẹ́.

A ti rí i pẹ̀lú pé bí ẹni tí inú eyín rẹ̀ wú bá lo ibuprofen ní nǹkan bí wákàtí kan kí a tó gún un, abẹ́rẹ́ eyín ìsàlẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ dára sí i, nítorí pé oògùn náà ń mú ara wíwú rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée, àti aboyún, kò gbọ́dọ̀ lò ó láìgba àṣẹ dókítà.

Bí ọyún bá pọ̀, oníṣègùn lè kọ́kọ́ la ibẹ̀ kí ọyún lè jáde, tàbí kí ó gún abẹ́rẹ́ sí ibi tí ó jìnnà sí wíwú náà. Ó sì lè ní kí aláìsàn padà wá, nítorí pé oògùn yìí ní ìwọ̀n tí ara kò gbọ́dọ̀ kọjá, gẹ́gẹ́ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wúwo tó. Ti ọmọdé sì kéré sí ti àgbà. Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìmọṣẹ́.

OHUN TÍ Ó KAN ALÁÌSÀN

Ẹ sọ òtítọ́ fún oníṣègùn kí ó tó mú abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ, bí ẹ bá wà nínú oyún, bí oògùn kan bá ti bá yín jà rí, tàbí bí ẹ bá ń lo oògùn kankan, ìbáà ṣe àgbo, ẹ sọ ọ́. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, àfi bí a bá sọ pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí àyà yín bá ń já lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ sọ fún oníṣègùn. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ adrenaline, èyí tí í tètè kọjá lọ. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé oògùn yìí ń pa ìrora, ṣùgbọ́n kì í pa ìmọ̀lára títì àti fífà tán. Ẹ ó mọ̀ pé a ń mi eyín, ẹ ó sì gbọ́ ìró rẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ta yín, tí ó mú bí ọ̀bẹ, ẹ gbé ọwọ́ sókè kí dókítà dáwọ́ dúró. Kò sí akínkanjú nínú fífara da ohun tí ó ní àtúnṣe. Ọkùnrin tí ó bá dákẹ́ lórí àga kò ṣe ara rẹ̀ ní oore, kò sì ran oníṣègùn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá délé, ètè àti ahọ́n lè kú fún wákàtí 3 sí 5. Ẹ má ṣe jẹ ohun líle, ẹ má sì mu ẹ̀kọ gbígbóná títí ara yóò fi jí. Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọdé gidigidi, nítorí wọn a máa jẹ ètè ara wọn bí ẹni ń ṣeré, ibẹ̀ a sì di egbò kí wọ́n tó mọ̀.

Kí eyín tó di ohun tí a ń yọ, ẹ má ṣe fi aspirin lélẹ̀ sórí erìgì, nítorí yóò jó o. Ẹ má ṣe ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn. Ìrora lè rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ihò inú eyín kò dí. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ẹnu kò ṣeé là, tí ó ṣòro láti gbé itọ́ mì tàbí láti mí, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí. Ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

Oògùn tí àwọn baba wa kò ní wà fún wa lónìí, ọgbọ́n tí a fi ń lò ó sì ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n oníṣègùn kankan tí ó dára tó kí aláìsàn tètè dé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ka ìwé yìí, ẹ kà á sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, pàápàá ẹni tí ẹ bá rí i tí ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ó ń wí pé, "Ó ń bọ̀ wá rọlẹ̀." Ẹ sọ fún un pé òní ni abẹ́rẹ́ yóò ràn án lọ́wọ́ jù, bí ó bá di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ó lè má rọrùn bẹ́ẹ̀ mọ́.